Àtúnṣe: Ẹkùn tí ìdá ọ̀wọ́n gógó rẹ̀ ga jù kọ́ ni ọjà ti wọ́n jù dandan

Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn pé ẹkùn tí ìdá ọ̀wọ́n gógó rẹ̀ bá ga jù nínú ìròyìn oṣooṣù nípa iye ọjà, ibẹ̀ ni ọjà ti wọ́n jù lórílẹ̀-èdè. Rárá o. Ìdá yẹn kì í sọ iye tí wọ́n ń ta ọjà. Bí iye náà ṣe ń yára gòkè ló ń sọ.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní ọjà kan jẹ́ 100 ní ẹkùn kìíní lésìí, tó wá di 130: ìdá 30 nínú 100 nìyẹn. Ní ẹkùn kejì, ọjà kan náà ti wà ní 200 tẹ́lẹ̀, ó di 220: ìdá 10 péré. Ibo lẹ máa ti ra tiyín? Èmi ò ní í dé ibi 220, ká má purọ́.

Àwọn kan tún ń fi ìdá oṣù (bí iye ọjà ṣe gòkè láàárín oṣù kan) wé ìdá ọdún (bó ṣe gòkè láàárín ọdún kan). Ìdá 2 lóṣù kò jọ nǹkan lójú, àmọ́ bó bá ń gorí ara wọn fún oṣù 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 27. Bí ìdá ọdún bá sì já láti 30 sí 20, ọjà ṣì ń wọ́n sí i. Eré rẹ̀ ló dín.