Bọ́ọ̀lù Tó Kọjá Àkókò àti Ìròyìn Tí A Ń Retí

Ní ọjọ́ keje oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí Nàìjíríà wàákò pẹ̀lú South Africa ní Bouaké, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣírò 90 ìṣẹ́jú mọ́ àkókò ìsinmi yóò ní kò ní í kọjá aago mẹ́jọ. Ibi tí wọ́n ti ń jó ayọ̀ gólì kejì Nàìjíríà tí Osimhen gbá wọlé ni rẹfirí ti lọ wo fídíò, tó fagi lé gólì náà, tó sì fún South Africa ní pẹnáritì. Ayò di 1-1, wọ́n fi 30 ìṣẹ́jú kún un, kí pẹnáritì tó wá bá wa parí rẹ̀ ní 4-2.

Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ní kí wọ́n gé irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀. NBC, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kan ní Amẹ́ríkà, dán an wò ní ọdún 1968 nínú bọ́ọ̀lù tàwọn ará ibẹ̀ (American football): ó ku 65 ìṣẹ́jú àáyá, ẹgbẹ́ Jets ń fi 32-29 ṣáájú ẹgbẹ́ Raiders, wọ́n já a sílẹ̀ kí fíìmù ọmọdé lè bẹ̀rẹ̀ ní aago méje. Raiders ló borí, 43-32, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò sì rí i.

Ohun tó ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù là ń jà fún. Àwọn ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tó ń gba ìròyìn NTA ti aago mẹ́sàn-án kò lè sún un síwájú, nítorí náà ìròyìn Yorùbá àti ìkéde òkú tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń gbé mì. A mọ ẹbí kan ní Ìkẹ́rẹ́ tó sanwó ìkéde ìsìnkú bàbá wọn, tí wọ́n ra epo sí jẹnẹrétọ̀, tí tọmọdé-tàgbà sì jókòó kí wọ́n lè rí fọ́tò bàbá. Bọ́ọ̀lù parí, àwọn atúpalẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, ìpolówó ọtí tẹ̀lé e, ìròyìn Abuja sì dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àna ní Ìjerò ṣì ń pè láti béèrè ọjọ́ ìsìnkú.

Ètò tí a kò tò dáadáa ló fà á. Fox, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán mìíràn ní Amẹ́ríkà, máa ń fi ètò àsọsọ bọ́ọ̀lù sí iwájú aago mẹ́jọ ní ọjọ́ Àìkú. Bí bọ́ọ̀lù bá pẹ́, ètò yẹn ló ń kúrú, tí eré aago mẹ́jọ kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Àwọn tiwa náà lè fi orin tàbí àsọsọ bọ́ọ̀lù síbẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní sunkún rẹ̀ bí wọ́n bá gé e. Kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá sí ìsàlẹ̀ àwòrán, kí bọ́ọ̀lù tó parí, aago tí ìròyìn yóò bẹ̀rẹ̀. (Àwa náà kì í dìde níwájú pẹnáritì, a ó rí i kà.) Ìkéde tí a ti gbowó rẹ̀, tí a kò sì gbé sáfẹ́fẹ́, kí wọ́n kà á ní ọjọ́ kejì láìgba kọ́bọ̀, bí ìsìnkú kò bá tíì kọjá, bó bá ti kọjá, kí wọ́n dá owó ẹbí padà.