Ìka ò dọ́gba, equal wo wá lẹ̀ ń pariwo?

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ti fẹ́ tú ẹbí wa ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí o. Equal lorúkọ ẹ̀. Láti ìgbà tí àbúrò bàbá mi ti kú, kò sí ìpàdé ẹbí tá a ṣe tí ẹnì kan ò ní fọwọ́ lu tábìlì pé àfi ká pín in equal. Àwọn àgbà sì ti ní ìka ò dọ́gba. Ọmọńdinrín ò ga tó ìka àárín, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa gé èyí tó gùn kó lè bá èyí tó kúrú mu.

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Bàbá yìí ní ìyàwó méjì, ìyáálé bí ọmọ kan, ìyàwó bí mẹ́rin. Ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ tó pulọ́ọ̀tì 10, kajú ló kún ibẹ̀. Ọmọ ìyáálé ní equal lòun fẹ́, ìyẹn ni pé kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú 5. Àwọn ọmọ ìyàwó náà ní equal làwọn ń wí, ìyẹn ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú 2. Tá a bá ṣe tàkọ́kọ́, ẹyọ ẹnì kan á kó 5, àwọn mẹ́rin á máa fa 5 mọ́ra wọn lọ́wọ́, tá a bá sì ṣe tìkejì, 2 péré ló máa dé ọ̀dọ̀ ìyáálé nígbà tí 8 bá wọ yàrá kejì. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn! Equal ni méjèèjì. Mo jókòó síbẹ̀ mò ń wo ẹnu wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde, wọ́n sì fẹ́ẹ̀ lè fa ara wọn láṣọ ya.

Ṣebí Yorùbá lórúkọ fún méjèèjì, ìdí-igi ni kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan, orí-ò-jorí ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀. Irú ìjà yìí ti dé kóòtù rí, ẹbí kan l'Ékòó, ìyàwó 4, ọmọ 9. Adájọ́ àkọ́kọ́ gbè sẹ́yìn orí-ò-jorí, nígbà tó di 1958 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà dà á nù, ọ̀rọ̀ náà dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà yẹn, ní 1962 wọ́n ní ìdí-igi gan-an ni àṣà wa, pé tí awuyewuye bá wà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Ẹ ò rí i pé olórí ẹbí ni wọ́n dá a padà fún, kì í ṣe ẹni tóhùn ẹ̀ lọ sókè jù.

Equal yìí gan-an, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, ló fa ìlà méjì gbọọrọ ní 1557 kó lè dúró fún un nínú ìṣirò, ó ní kò sí nǹkan méjì tó tún lè dọ́gba ju ìlà méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ 2+2 ò jọ 4 lójú, wọ́n kàn tó ara wọn ni. Àwọn òyìnbó á tún ní ẹnì kan jẹ́ equal iṣẹ́ kan, pé agbára ẹ̀ ká a nìyẹn, tí wọ́n bá tún ní èèyàn ò ní equal, àwa á ní kò lẹ́gbẹ́. Dídọ́gba, tító, kíká, ẹgbẹ́, ojúgbà, gbogbo ẹ̀ làwa ní ọ̀rọ̀ fún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ wá fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, ẹyọ kan tẹ́ ẹ gbé wálé láì tú u wò lẹ fi ń jà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn, obìnrin ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń pariwo equal yìí náà ló ní ká má ka tiẹ̀ mọ́ ọn, ó ti lọ sílé ọkọ, ó wá fi òwe tì í lẹ́yìn pé ìka ò dọ́gba. Há à! Ṣé ohun tí òwe yẹn ń sọ nìyẹn? Ìka wo ló máa ń jókòó sílé tí ọwọ́ bá ń bu òkèlè? Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ń jogún bàbá ẹ̀, òfin ọdún 1999 tí Nàìjíríà ń lò náà sì kọ ọ́ pé ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ ìlú dọ́gba. Ọmọbìnrin yìí ló ń gbé bàbá lọ ọsibítù, òun ló ń fọ aṣọ ibùsùn tí bàbá bá tọ̀ sí i, ìwọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà l'Ábújá, o ń fi fóònù kí wọn. Nígbà yẹn, ta ló rántí equal?

Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ní yàrá méjì mẹ́ta, ẹ kọ ìwé ìhágún yín nígbà tí ojú yín ṣì ń rí, tẹ́ ẹ bá dákẹ́, ẹ̀yin lẹ dáná ìjà. Ìwọ náà, má dé ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀ wá fọwọ́ lu tábìlì fún wa, kọ́kọ́ pe àbúrò ẹ, ní kó wá jókòó kó o tó la ẹnu ẹ.