“Old friend” kì í ṣe ọ̀rẹ́ tó ti darúgbó

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ ń wọ ọmọ lórí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pé “old” ni arúgbó, òdìkejì rẹ̀ sì ni “young”. Bó bá jẹ́ nǹkan ni, wọ́n á ní ògbólógbòó ni, òdìkejì rẹ̀ ni “new”. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò ju ààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá dì í mú bẹ́ẹ̀ dàgbà ni yóò ka “my old boss” nínú lẹ́tà, tí yóò rò pé ọ̀gá náà ti ń fi ọ̀pá rìn. Òun náà ni yóò kọ “my old brother” nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, lójoojúmọ́ ni ẹ̀rí òdìkejì wà lẹ́nu àwa ará Ìbàdàn. Ẹ wo Old Bodija. Bí ẹnì kan bá parí ilé síbẹ̀ lánàá, tí òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri, “a new house in Old Bodija” ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, “new” àti “old” kò sì bá ara wọn jà nínú ọ̀rọ̀ náà. “Old” ibẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ara ilé. Ohun tó ń sọ ni pé Bódìjà yìí ló ṣáájú, pé New Bodija ló tẹ̀ lé e. Old Ife Road ńkọ́? Bí ìjọba bá da ọ̀dà tuntun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lónìí, Old Ife Road náà ni yóò máa jẹ́, torí kì í ṣe kòtò ojú títì ni wọ́n wò kí wọ́n tó pè é ní “old”.

Owó ló tún fi í hàn kedere jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni owó tuntun 200, 500 àti 1,000 náírà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò sì pẹ́ tí “old note” àti “new note” fi gba ẹnu gbogbo ọjà. Mú ẹgbẹ̀rún kan náírà ti àwòrán àkọ́kọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ká rí, tó ń dún kàrá bí a bá nà án. “Old note” ni. Wá mú èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, tí alátà ti so mọ́ kókó ìró fún oṣù mẹ́ta, tí epo ti rin ín gbindin, tí etí rẹ̀ kan ti ya. “New note” ni. Ẹni tó bá ní “old” ni ògbólógbòó kò ní rí ọ̀nà gbà ṣàlàyé èyí. Ẹni tó bá mọ̀ pé “old” máa ń ka ipò nínú ìtòtẹ̀léra kò ní kọsẹ̀ rárá.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa nígbà tí “old” bá dúró níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ ni pé: kí ló ń kà? Ó lè ka ọjọ́ orí ẹni náà tàbí nǹkan náà fúnra rẹ̀: “an old man”, “an old tree”. Ó lè ka ọjọ́ tí ìbátan ti wà láàárín ẹni méjì: “an old friend”. Ó sì lè sọ pé èyí ló wà níbẹ̀ kí ti ìsinsìnyí tó dé: “my old boss”, “my old address”. Òdìkejì rẹ̀ ló máa ń tú u fó. Òdìkejì “an old man” ni “a young man”. Òdìkejì “an old friend” ni “a new friend”, kì í ṣe “a young friend”. Òdìkejì “my old boss” sì ni “my new boss” tàbí “my present boss”, kódà bí ẹni tuntun náà bá ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ogún ọdún.

Ìdánwò kan wà tí kò ní gbà yín ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé “old” kúrò níwájú, kí ẹ lọ fi í sẹ́yìn “is”. “An old man” á di “the man is old”, ìtumọ̀ kò yẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí “an old friend”, ó di “my friend is old”: lójú ẹsẹ̀, ọdún tí ẹ ti jọ ń bọ̀ ti pòórá, ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ló kù. “My boss is old” náà kò sọ pé ẹ ti kúrò lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìtumọ̀ méjèèjì yìí, ti ìbátan àti ti ẹni àná, iwájú ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ni ibùgbé wọn. Ẹ tún wo ohun tí “very” ń ṣe. “A very old friend” ṣì lè jẹ́ ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́, torí ìbátan ṣe é fi ọdún wọ̀n. Ṣùgbọ́n “my very old boss” ti di ọ̀gá tó darúgbó gan-an, nítorí pé ẹni tó ti kúrò lórí àga ti kúrò náà ni, kò sí “kúrò gan-an”.

Kí ló wá fà á tí “old friend” fi jẹ́ ẹni tó ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́, tí “old boss” sì jẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá mọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Ọ̀rẹ́ lè pọ̀. Ẹni tuntun kì í lé ẹni àtijọ́ kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni “customer”, “member” àti “enemy”. Ṣùgbọ́n àga kan ṣoṣo ni ti ọ̀gá, ti onílé tí à ń san owó ilé fún, ti àdírẹ́sì. Bí ẹlòmíràn bá jókòó síbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ di “old”. Òfin tó fọwọ́ lé gbogbo rẹ̀ kọ́ o: “old student” kò sí lórí àga kan ṣoṣo, síbẹ̀ ẹni tó ti jáde ni, torí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ ìparí tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán ní Government College, Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, ti di “old boy” láìsí irun kan tó funfun lórí rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ń kọ̀wé sí ará Amẹ́ríkà, ẹ kọ “former student” tàbí “alumnus”. “Old student” lè dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dàgbà létí tiwọn.

Níbi ìtumọ̀ ni àṣìṣe ti máa ń dunni jù. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà ní kọ́sítọ́mà tó ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, “an old customer”. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ sí “kọ́sítọ́mà mi tẹ́lẹ̀”, ẹ ti lé onítọ̀hún lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. “Kọ́sítọ́mà mi ọjọ́ pípẹ́” ló yẹ. “Ọ̀rẹ́ mi tẹ́lẹ̀” náà ń sọ pé ìjà ti dé. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, kò kọsẹ̀ níbẹ̀: Májẹ̀mú Láéláé ni wọ́n kọ. Ohun tí Òyìnbó ń pè ní Old Oyo sì ni àwa ń pè ní Ọ̀yọ́ Ilé, a ò tilẹ̀ mẹ́nu kan ogbó.

Ẹ ṣọ́ “my” àti “his” pẹ̀lú. “An old house” ilé tó ti gbó ni. “My old house” lè jẹ́ ilé tó ti gbó, ó sì lè jẹ́ ilé tí mo kó kúrò nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táìlì ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí òǹkàwé máa méfò, ẹ kọ “former” tàbí “previous”.

“Old” kan tún wà tí kò ní ogbó kankan nínú, òun la fi ń wọn ọjọ́ orí: “a two-day-old baby”, ọmọ ọjọ́ méjì. Ibẹ̀ ni àròkọ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì. “A ten years old boy” kò tọ̀nà. Níwájú ọ̀rọ̀ orúkọ, “year” kì í gba “s”, ìlà kékeré méjì ló sì ń so ó pọ̀: “a ten-year-old boy”. Lẹ́yìn “is”, “s” á padà, ìlà á kúrò: “the boy is ten years old”. Bí a ṣe ń kọ ilé gíga Cocoa House ní Dúgbẹ̀ náà nìyẹn: “a 26-storey building”, kì í ṣe “26-storeys”. Bí àwọn ọmọ náà bá pọ̀, tí a ò dárúkọ “boy” mọ́, ìparí ni “s” ń lọ: “ten-year-olds”.

Ó ku ti ẹ̀gbọ́n. “My elder brother” ni, tàbí “my older brother”. “Elder” kì í bá “than” rìn, nítorí náà “he is elder than me” kò dúró. “He is older than me” ni kí ẹ kọ. “My old brother” tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò sọ ẹni tó dàgbà ju ẹnì kejì lọ rárá. Àbúrò tó ti pé ọgọ́rin ọdún lè jẹ́ ẹ.