Washington Kọ́ Ló Ń Darí Ilé Ìwé Abúlé ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìbàdàn tún ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Wọ́n ní Trump ti ti ilé ìwé ọ̀fẹ́ pa ní Amẹ́ríkà, pé kí ẹni tó bá ní ọmọ níbẹ̀ tètè lọ wá owó ilé ìwé aládàáni. Kí n tó gbọ́ ohùn náà tán, àwọn kan ti kọ "Olúwa ṣàánú" sábẹ́ rẹ̀, àǹtí kan sì ti ń béèrè bóyá àwọn tó ní green card nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Èmi tí mo wà nínú kíláàsì gan-an, tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé ìjọba ní ìgbèríko ìlà oòrùn Texas, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ó ti sú mi. Kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ẹ lọ sí òde àríyá ní Houston, ẹ jókòó ti àwọn tó ti lo ogún ọdún níbí, ohun kan náà ni ẹ máa gbọ́: ìjọba àpapọ̀ ló ni ilé ìwé, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ló ń darí rẹ̀ láti Washington, òun ló ń san owó olùkọ́. Tí mínísítà bá wá lọ, ilé ìwé lọ nìyẹn. Ojú Nàìjíríà ni wọ́n fi ń wo Amẹ́ríkà. (Nàìjíríà gan-an kò sì rí bẹ́ẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.)

Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ tí Trump fọwọ́ sí ìwé ní March 2025 pé kí wọ́n máa tú ká, ọdún 1979 ni wọ́n ṣòfin tó dá a sílẹ̀, 1980 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ta ló ń kọ́ ọmọ ní Amẹ́ríkà kó tó di 1980? Ilé aṣòfin àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀, àwọn náà nìkan ló sì lágbára láti pa á rẹ́. Ìwé tí ààrẹ bá dá fọwọ́ sí kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n lé òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ níbẹ̀, òótọ́ ni, ilé ẹjọ́ sì gbà wọ́n láyè ní July 2025. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn tó wá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe ń rìn. Àgbègbè ilé ìwé bíi tiwa, tí wọ́n ń pè ní ISD, ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ní Texas nìkan. Òmíràn ní ọmọ tó lé ní 100,000. Òmíràn kò ní ọgọ́rùn-ún ọmọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Méje ni tiwa, ará ìlú ló dìbò yàn wọ́n, lófin Texas wọn kì í sì í gba owó iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń sin màlúù wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, ẹni tó ń ta táyà ni alága. Àwọn ló ń gba sùpìríńtẹ́ńdẹ́ǹtì, ọ̀gá tó ń darí gbogbo ilé ìwé àgbègbè náà, síṣẹ́, àwọn ló sì lè lé e. Àwọn ló fọwọ́ sí iye tí mò ń gbà lóṣù.

Mo jókòó sí ìpàdé wọn kan rí tí wọ́n fi jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, lórí bóyá kí wọ́n ra bọ́ọ̀sì tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá oúnjẹ. Alága mú ìwé tí mẹkáníìkì kọ dání, ó ń ka iye owó gíá àti ti bíréèkì sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá àgbà kan dìde lẹ́yìn, ó ní bọ́ọ̀sì tó ń gbé ọmọ-ọmọ òun ń rú èéfín débi pé aṣọ ọmọ náà ń rùn bọ̀ wálé, pé tí wọn kò bá ra òmíràn, òun mọ ẹni tí òun máa dìbò fún ní May. Wọ́n ra bọ́ọ̀sì. Àwa fara mọ́ ooru. Ní òwúrọ̀ tí ara awakọ̀ kan kò bá yá, sùpìríńtẹ́ńdẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló ń wa bọ́ọ̀sì náà, torí ó gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ẹ fi èyí wé mínísítà.

Owó wá ńkọ́? Ibí ni àwọn èèyàn mi ti ń ṣìnà jù. Ẹni tó bá ní ilé ní Texas, kó lọ mú ìwé owó orí ilé rẹ̀ jáde láti inú dúrọ́ọ̀. Lọ́pọ̀ ibi, iye tó tóbi jù lórí ìwé yẹn, ti ISD ni, ó ju ti ìlú lọ, ó ju ti county, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, lọ. Owó tí ẹ fi ń kùn lọ́dọọdún nìyẹn, òun ni owó oṣù mi. Èyí tó bá kù, Austin, olú ìlú Texas níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ló ń fi kún un. Ti Washington, tí a bá kó gbogbo Amẹ́ríkà pọ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni lásìkò tí nǹkan bá wà bó ṣe yẹ. Ìgbà Kòrónà ló gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀.

Austin kì í sì í ka orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà kó fi sanwó. Ọmọ tó jókòó sí kíláàsì ni wọ́n ń kà, lójoojúmọ́. Láti 2019 dé 2025, $6,160 ni ìpìlẹ̀ owó tí wọ́n ń san lórí ọmọ kan lọ́dún. Ní 2025 àwọn aṣòfin Texas fi $55 kún un, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Nílé ìwé ńlá, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ tí ogún ọmọ kò bá wá. Nílé ìwé tiwa, tí ọ̀fìnkìn bá wọ ilé kan tó ní ọmọ mẹ́rin, akọ̀wé ti gbé fóònù. Tí àsìkò kíka orúkọ láàárọ̀ bá tó, tí mi ò sì tètè fi tèmi ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, orí akọ̀wé náà á ti yọ lẹ́nu ọ̀nà mi: "Ọmọ rẹ ìlà kẹta dà?" Ìyá kan sọ fún mi pé ilé ìwé wa fẹ́ràn ọmọ òun gan-an ni, torí bí a ṣe ń pè é tí kò bá wá. A fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́. Owó tó ń bá a wá náà, a fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tó bá ní olùkọ́ ìṣirò lásán ni mí, mi ò mọ òfin, kó lọ bi Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Bàbá kan tó ń jẹ́ Demetrio Rodriguez, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé ní Edgewood, àgbègbè tálákà ní San Antonio, pe ẹjọ́ pé bí wọ́n ṣe ń fi owó orí ilé bọ́ ilé ìwé kò jẹ́ kí ọmọ tálákà rí ohun tí ọmọ olówó ń rí. Ní 1973, adájọ́ márùn-ún borí mẹ́rin, wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ kò sí nínú ìwé òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ tún un kà, ẹ̀gbọ́n. Ìwé òfin Texas ló ní kí wọ́n ṣe ilé ìwé ọ̀fẹ́, òun náà ni ilé ẹjọ́ Texas sì dì mú ní 1989 nígbà tí wọ́n dájọ́ pé ètò owó yẹn kò bófin mu. Láti 1993 ni ìpínlẹ̀ ti ń gba lọ́wọ́ àwọn ISD olówó, tó fi ń ran àwọn tí kò ní lọ́wọ́. Washington kò sí nínú gbogbo rẹ̀.

Èyí tó ń wọ̀ mí lára jù kò sí nílé ẹjọ́. New London ló wà, ní ìhà tiwa níbí. Nígbà tí wọ́n rí epo rọ̀bì lápá ibí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, àgbègbè ilé ìwé abúlé yẹn di olówó tí gbogbo Amẹ́ríkà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé ìwé ńlá. Síbẹ̀, kí ìnáwó lè dín, wọ́n fagi lé gáàsì tí wọ́n ń rà, wọ́n sì já páìpù ilé ìwé mọ́ páìpù ilé iṣẹ́ epo kan tó kọjá nítòsí, tó ń gbé gáàsì àṣẹ́kù. Àwọn ará àdúgbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sílé wọn, kò sẹ́ni tó kà á sí ewu. Gáàsì yẹn kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ó jò, ó kún abẹ́ ilé. Ní ọ̀sán 18 March 1937, olùkọ́ kan tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń họ igi kó lè dán nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́, iná rẹ̀ ṣẹ́ pàrà, ilé ìwé fò sókè, ó wó lé àwọn ọmọ lórí. Àwọn tó kú, ọmọ àti olùkọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Ọmọ sùpìríńtẹ́ńdẹ́ǹtì gan-an wà nínú wọn.

Mo ti dé mùsíọ́mù tó wà níbẹ̀. Òkúta ìrántí gíga dúró láàárín títì, ọkọ̀ ń gba ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kọjá. Ta ló ní kí wọ́n fagi lé gáàsì tí wọ́n ń rà? Ìgbìmọ̀ ilé ìwé àti sùpìríńtẹ́ńdẹ́ǹtì, láti fi ṣọ́ owó. Ta ló ṣòfin lẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n máa po òórùn mọ́ gáàsì kí èèyàn lè mọ̀ tó bá ń jò? Àwọn aṣòfin Texas, lọ́dún yẹn kan náà. Bí agbára ìgbìmọ̀ ìlú kékeré ṣe pọ̀ tó nìyẹn, fún rere àti fún búburú. Ẹni tó bá sọ fún mi pé Washington ló ń ṣe é, mo máa ń fẹ́ gbé e lọ síbẹ̀.

Wọ́n á ní, oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí àwọn ọmọ ń jẹ ńkọ́? Owó àpapọ̀ ni, láti inú òfin 1946, ṣùgbọ́n Ẹ̀ka Ètò Ọ̀gbìn ló ń san án, Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ kọ́. Wọ́n á ní, àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara ńkọ́? Òfin 1975 ló gbèjà wọn, òfin náà ṣì wà. Wọ́n á ní àwọn rí i lórí CNN. Ẹ máa wò ó lọ.

Mo gbà pé abúlé tí kò lówó ló ń gbára lé díẹ̀ tó ń ti Washington wá ju àwọn ìlú olówó lọ, àti pé tó bá dáwọ́ dúró, olùkọ́ kan tàbí méjì lè fi ọ̀dọ̀ wa sílẹ̀. Ìyẹn dunni, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń pè ní títì ilé ìwé pa.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rù, kó kọjú sí Austin. Ẹ̀yin ará Houston, àbí ẹ ti gbàgbé? Ní 2023 wọ́n gba ilé ìwé yín kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ẹ dìbò yàn, ìpínlẹ̀ Texas ló sì gbà á. Ní November ọdún yẹn, Gómìnà Abbott fẹ́ kí ìjọba máa fún òbí lówó láti fi san owó ilé ìwé aládàáni. Mọ́kànlélógún nínú àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣojú ìgbèríko, dara pọ̀ mọ́ Democrat, wọ́n fi ìbò 84 sí 63 yọ ọ́ dànù. Abbott kò gbàgbé. Ní ìdìbò abẹ́lé 2024 ó gbógun tì wọ́n, àwọn kan nínú wọn pàdánù àga. Ní May 2025 ó fọwọ́ sí òfin náà, pẹ̀lú bílíọ̀nù kan dọ́là.

Ìlú tiwa kò ní ilé ìwé aládàáni kankan. Èyí tó sún mọ́ wa jù wà ní ìlú kejì, kò sì ní bọ́ọ̀sì. Òbí tó bá rówó epo gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, akọ̀wé wa á yọ orúkọ ọmọ náà kúrò nínú rẹ́jísítà, Austin á sì yọ owó rẹ̀.