Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́

Ìgbà tí ìjà bá ti fẹ́ di ti ọ̀bẹ la sábà máa ń pa òwe yìí. Àgbàlagbà kan á bọ́ sáàárín, á na ọwọ́ méjèèjì, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́," àwọn tó di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú á sì jọ̀wọ́ ara wọn. Nítorí pé ibẹ̀ la ti máa ń gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tí òwe náà ń sọ ni pé kí a má jà. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un gbọ́: "Bí a bá ń jà." Ó ti gbà pé a ó jà. Kò bi wá pé kí ló dé. Ìwọ̀n ló fi sí i, bí àwa aránṣọ ṣe ń fi ẹfun fa ilà sára aṣọ: ibi tí àlùmọ́gàjí máa dé rèé, bó bá fi lè kọjá ibẹ̀, aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Aránṣọ ni mí ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Ouando. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan tẹ́lẹ̀, ti ń yan ara wọn lódì báyìí nítorí ìbò Ààrẹ. Ọ̀kan á ní kí n bá òun gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìkejì, ìkejì náà sì jókòó tì í. Àwọn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àti ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe bíi tiwọn.

Kí ẹ má rò pé ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. PRD ni mí títí ó fi wọ inú ẹgbẹ́ mìíràn ní 2022, ẹgbẹ́ alámì òṣùmàrè tí agbẹjọ́rò Adrien Houngbédji dá sílẹ̀ ní 1990. Ó du ipò Ààrẹ ní 1991, ní 1996, ní 2001, ní 2006 àti ní 2011. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo dìbò fún un, n kò kábàámọ̀ ọ̀kankan. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ kí ẹnìkan ké "Tchoco-Tchoco", igbe ẹgbẹ́ wa, lójú pópó, orí mi á wú. Mo gbà nígbà náà, mo ṣì gbà báyìí, pé ó yẹ kí ọkùnrin yẹn jẹ Ààrẹ Bẹ̀nẹ̀. Abala kìíní nínú ìwé òfin tí a fọwọ́ sí ní December 1990 sọ pé Àjàṣẹ́ ni olú ìlú wa, síbẹ̀ Kútọ̀nú ni Ààrẹ ń gbé, Kútọ̀nú ni àwọn mínísítà ń gbé, Kútọ̀nú ni ẹni tó bá ń wá ìwé ń sáré lọ. Àwa ní orúkọ, àwọn ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìjọba tó borí wa bẹ̀rẹ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun sí Àjàṣẹ́ níbí, wọ́n gbé òpó dúró, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún òjò. Bí mo bá ń gba ibẹ̀ kọjá, inú mi máa ń ru. Ohun tó mú mi ja ìjà yẹn nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà ní ohun tí ẹ ń jà fún, tí ẹ lè na ìka sí.

Nítorí náà, ẹ jà. Ẹ tò sórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Ẹ dúró títí wọn ó fi ka ìbò tán lójú yín, kí ẹ má sáré lọ jẹun. Ẹ mọ ohun tí ẹni yín ti ṣe kí ẹ tó gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ ọrùn, nítorí bí ẹnìkan bá ní òun ó fún ọ láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò.

Òwe aṣọ yẹn gan-an ni èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fi jà ní ọdún 2006. Ọmọ ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) ni wọ́n, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ìyàwó. Èèyàn 26 ló du ipò Ààrẹ lọ́dún yẹn. Kérékou tó wà lórí oyè àti Soglo tó ti ṣe Ààrẹ rí kò lè díje mọ́, ọjọ́ orí wọn ti kọjá 70 tí òfin wí, gbogbo ìlú sì mọ̀ pé ojú tuntun ló ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìbò March 5 tán, Boni Yayi ló ṣe èkíní, ẹni tiwa ló ṣe èkejì, ó wá ku àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àna, ẹ wo ti ọrùn rẹ̀. Láti 1994 ló ti ń darí báǹkì ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Lomé, báǹkì náà ò sì wó." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ti ọrùn tiwa náà. Ó ti ṣe olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ṣe olórí ìjọba lábẹ́ Ààrẹ." Wọ́n ní ọmọ Tchaourou ni Yayi, Nàgó ni baba rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wa ni, kí ló dé tí èmi Yorùbá fi ń tẹ̀ lé ọmọ Gùn? Mo ní ọmọ Gùn ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ tí àìsàn dá mi wólẹ̀, n kò mọ ẹ̀jẹ̀ mìíràn jùyẹn lọ. A sọ ọ́, a tún un sọ, ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, oúnjẹ ń tutù. Bí ìjà ìbò ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ó bá dúró níbẹ̀, adùn ni.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí a dìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì ti March 19, Ẹ̀gbọ́n tún dé láti Kútọ̀nú pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n tú ọ̀rá náà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Aṣọ funfun ni, owó ẹyọ kún ara rẹ̀, ẹyọ ńlá ńlá tó la ẹnu sílẹ̀, nítorí ẹyọ ni àmì Yayi. Wọ́n ní, "Àna, bùbá àti fìlà ni tèmi. Ìró àti bùbá ni ti Ìyá wa. Wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé ńlá tí a ó ṣe ní Ṣábẹ̀ẹ́."

Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn tó ti ṣubú ń tò lọ sẹ́yìn Yayi lọ́kọ̀ọ̀kan: Bruno Amoussou, Léhady Soglo, títí kan Kolawolé Idji, ọmọ Kétu, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà. Rédíò ń ka orúkọ wọn, ó ń dùn mí bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ bá gún ìka. Mo ní ẹ̀rọ mi ò ní í ran ẹyọ. Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀, n kò ì tíì kọjá ilà. N kò dákẹ́. Mo ní, "Ẹyọ ni wọ́n fi ń ra èèyàn láyé àtijọ́. Òun náà ni wọ́n tún fi rà yín."

Àjàṣẹ́ ni mo ti sọ ọ́ o, ìlú tí wọ́n ti ta èèyàn ní tòótọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni mo sọ ọ́ fún, lójú ìyàwó mi, lójú àwọn ọmọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀gbọ́n ò fèsì. Wọ́n ká aṣọ náà ní ìká mẹ́rin, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ títí ó fi gún régé, wọ́n dá a padà sínú ọ̀rá. Omi tí ìyàwó mi gbé fún wọn wà lórí àga títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn ò fẹnu kàn án.

Yayi wọlé. Nínú ìbò mẹ́rin, ó gba bíi mẹ́ta.

Ikú tí òwe wa ń sọ, mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ikú ọ̀bẹ nìkan. Ohùn ló kọ́kọ́ ń kú nínú ìjà ìbò, ohùn tí ẹ fi ń pe ara yín. Láti ọjọ́ yẹn Ẹ̀gbọ́n ò pè mí ní "Àna" mọ́. Ìyá wa Ṣábẹ̀ẹ́ kú ní 2009. Mo lọ, nítorí èèyàn kì í gbọ́ òkú àna kó jókòó sílé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, lábẹ́ àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ kú ìrìn," bí ẹní kí àlejò, wọ́n sì kọjá. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù Ìyá, ìyàwó mi rí aṣọ ẹlẹ́yọ náà nísàlẹ̀ àpótí, ní ìká mẹ́rin, kò sí ojú àlùmọ́gàjí kankan lára rẹ̀. Ó béèrè ìdí tí wọn ò fi gbé e fún aránṣọ mìíràn. Wọ́n ní Ìyá ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ọkọ ọmọ òun ni yóò rán an, pé inú ló ń bí i, inú rẹ̀ á rọ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹni tí mò ń jà fún ti kọ́ mi ní òwe yìí kí ọdún 2006 tó dé, n kò sì gbọ́. Ní 1975, ìjọba ológun Kérékou dájọ́ ikú fún Houngbédji. Ó ti sá kúrò nílùú kí wọ́n tó dá a, ó sì pẹ́ lẹ́yìn odi. Ẹ wo 1996: ó ṣe ipò kẹta, ó ku Kérékou àti Soglo, Houngbédji sì ní kí a dìbò fún Kérékou. Àwa kan sunkún lọ́jọ́ náà. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. A dìbò náà. Kérékou wọlé, ó sì fi Houngbédji ṣe olórí ìjọba. Àwọn tó kórìíra wa ní oúnjẹ ló ń wá. Èmi ò gbà. Ọkùnrin tí wọ́n ti kọ ikú mọ́ lórí ìwé ìdájọ́ ló jókòó ti ẹni tó ni ìwé náà, kí ìlú lè máa lọ. Ta ló tún lẹ́tọ̀ọ́ jù ú lọ láti ní bíi ká kú kọ́? Èmi tí ẹnikẹ́ni ò dájọ́ fún, èmi ni mo wá ń bá ìdílé ìyàwó mi jà àjàkú.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Patrice Talon, oníṣòwò ńlá kan, náwó sí ìpolongo Yayi ní 2006 àti ní 2011. Nígbà tó di 2012, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ fún Yayi ní májèlé, ó ní irọ́ ni, ó ti wà ní Faransé. Ní 2014 Yayi ní òun dárí jì í. Ó padà wálé, ó sì di Ààrẹ ní 2016. Ẹ ka iye ìdílé tó ti túká láàárín, nítorí ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ni ín ti sọ tán láàárín ara wọn.

Amoussou àti Idji tó ń dùn mí lórí rédíò ní 2006, ẹ̀yìn Houngbédji ni wọ́n wà ní 2011, lábẹ́ L'Union fait la Nation. Mo fi ayọ̀ rán aṣọ wọn. Ẹgbẹ́ wa pariwo pé ìwé orúkọ olùdìbò tuntun tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ti fo ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdìbò wáyé ní March 13, wọ́n ní Yayi ti gba ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún, àwa gba 35. Houngbédji ò gbà, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i. Èmi náà ò tíì gbà títí dòní. Mo sì ní ẹ̀tọ́ láti má gbà. Òwe ò ní kí n gbà.

Ó wá di ìbẹ̀rẹ̀ 2016. Houngbédji ti di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lẹ́ẹ̀kẹta, ìbò 42 sí 41. PRD àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́yọ Yayi jọ dúró lẹ́yìn ẹnìkan ṣoṣo tó ń du ipò Ààrẹ, Lionel Zinsou. Mo wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí fóònù dún. N kò mọ nọ́ńbà náà. Ohùn kan ní, "Àna." Mo dìde dúró bí ẹni pé wọ́n wà níwájú mi. Wọ́n ní, "Wọ́n ní ibì kan náà la jọ wà báyìí." N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Wọn ò rí i sọ náà. Mo ń gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń ké lẹ́yìn wọn, ní ọ̀ọ̀dẹ̀ Ìyá. Ọdún mẹ́wàá ti lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní kí n bá wọn kí àbúrò wọn.

Talon na Zinsou, àwa méjèèjì jọ fìdí rẹmi. Ní 2022, PRD wọ inú ẹgbẹ́ Amoussou, wọ́n sì pe àpapọ̀ náà ní Union Progressiste le Renouveau. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ẹ ń torí wọn yanra yín lódì nìyẹn: àwọn tí mo ń bú àti àwọn tí mo ń jà fún ló jọ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mú aṣọ náà wá nígbà tí wọ́n wá kí wa. Ẹyọ ara rẹ̀ ti ṣá níbi ìká. Wọ́n ní kí n bá wọn gé tiwọn nínú rẹ̀, mo gé e, mo rán an lóru ọjọ́ náà, wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sílé. Ìdajì tó kù wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà wà lórí rẹ̀, èyí tí mo ń lò ṣáájú 2006, ojú ìwé kan sì wà níbẹ̀ tí mo fi ẹfun sàmì sí: Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́. Èjìká 41. Àyà 108. Apá, kó dé ìsàlẹ̀ ìgúnpá, wọn ò fẹ́ kó há.