Ẹ Gbé Àpilẹ̀kọ Kúrò Lórí Pẹpẹ

Ẹni tó bá ti kàwé gboyè nínú èdè Yorùbá ní yunifásítì tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ mọ ibi tí àpilẹ̀kọ máa ń parí sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á forí lé ìlú rẹ̀, á jókòó ti àwọn àgbà, á gba ẹkún ìyàwó tàbí rárà sílẹ̀ sórí fóònù, á dà á kọ, á san owó táìpù, á san owó ìdìwé, á kó ẹ̀dà mẹ́ta lọ fún alábòójútó. Wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á fún un ní máàkì, ó di orí pẹpẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á tún lọ bá ìyá arúgbó kan náà ní ìlú kan náà, á tún bi í ní ìbéèrè kan náà. Ìyẹn bí ìyá bá ṣì wà.

Ní ìhà kejì, Wikipedia èdè Yorùbá ti wà láti ọdún 2002, àyọkà inú rẹ̀ sì ti lé ní 30,000. Iye yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ wọlé kí ẹ wò ó. Púpọ̀ nínú wọn kò ju ìlà méjì-mẹ́ta lọ: lágbájá jẹ́ òṣèré ọmọ Nàìjíríà, wọ́n bí i lọ́dún báyìí, ó tán. Ọmọ iléèwé girama tó bá gba ibẹ̀ lọ nítorí iṣẹ́ àmúrelé kì í pẹ́ padà sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ̀ wà lórí pẹpẹ, àyè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn méjèèjì kò mọ ara wọn.

Èrò ìwé ìròyìn yìí ni pé kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá fi ojú àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Kí kíkọ wiki, ojú òpó bíi Wikipedia tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ kọ, kí wọ́n sì jọ tún ṣe, di iṣẹ́ kíláàsì tí a ń gba máàkì lé lórí, lábẹ́ ojú olùkọ́, láti ọdún kìíní títí dé ọdún àpilẹ̀kọ.

Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló kọ́kọ́ gbé irú ojú òpó yìí sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1995. Orúkọ bọ́ọ̀sì tó ń gbé èrò kiri pápákọ̀ òfurufú Honolulu ló fi sọ ọ́. “Kíákíá” ni “wiki wiki” ní èdè àwọn ará Hawaii. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyára rẹ̀ ló wù wá fún ilé ẹ̀kọ́. Ohun tó wù wá ni pé ojú ewé wiki kì í gbàgbé. Ẹni tó fi kọ́mà kan ṣoṣo kún un, orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ àti wákàtí tó fi í kún un wà nínú ìtàn àtúnṣe. Ẹni tó yọ kọ́mà náà kúrò wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wo iṣẹ́ gúrúùpù bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ á pín ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ sí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Nínú mẹ́wàá, ọmọ kan ló máa ṣiṣẹ́, méjì á bá a wá ìwé, àwọn tó kù á dá owó táìpù, orúkọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á sì wà lójú ewé àkọ́kọ́. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí kò dá owó. Máàkì kan náà ni gbogbo wọn á gbà. Àwọn baba wa tó ń ṣe àáró kò jẹ́ gba irú èyí. Bí o bá bá mi kọ ebè lónìí, mo mọ iye ebè tí o kọ, n ó sì wá san án lóko tìrẹ. Ẹni tó jẹ gbèsè àáró tí kò san án, gbogbo abúlé ló máa mọ̀. Ìtàn àtúnṣe ló dá ojú abúlé yẹn padà sínú iṣẹ́ gúrúùpù. Olùkọ́ á ṣí i, á rí i pé ọmọ kan ló kọ ìpínrọ̀ mẹ́rin, pé èkejì ló wá ìtọ́kasí sí i, pé ẹ̀kẹta kò yọjú rárá àfi ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ pé, tó wá sáré fi kọ́mà kan síbẹ̀.

Kíkóra jọ kọ ìwé ẹ̀kọ́ kò sì ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé tí wọ́n máa lò kò sí nílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ fagi lé ìlànà tọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ariwo ta ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì yẹ kó ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ọmọ fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí ibi tí ọmọ náà ti máa kà á. Àwọn ará Ifẹ̀ ìgbà náà nílò ilé ìtẹ̀wé. Kíláàsì kan lónìí kò nílò rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti àwọn olùkọ́ tó máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Ẹ má gbé Wikipedia wá bá mi o.” A kò dá wọn lẹ́bi. Ní 2005, ìwé àtìgbàdégbà Nature fi àyọkà sáyẹ́ǹsì 42 láti inú Wikipedia wé ti Encyclopaedia Britannica, ìwé ìmọ̀ tó lórúkọ. Nǹkan bí àṣìṣe mẹ́rin ni wọ́n rí nínú àyọkà Wikipedia kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi mẹ́ta nínú ti Britannica. Ìtàn tó tún dùn jù ú lọ, tó sì yẹ kó ti àwa oníwèé ìròyìn lójú, ni ti 2009. Nígbà tí Maurice Jarre, ará Faransé tó ń ṣe orin fún fíìmù, kú, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Dublin fi ọ̀rọ̀ tó hùmọ̀ fúnra rẹ̀ sí ojú ewé olóògbé náà, bíi pé òun ló sọ ọ́. Àwọn tó ń tún Wikipedia ṣe rí i pé kò ní ìtọ́kasí, wọ́n yọ ọ́. Àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá ti gbé e jáde ní tiwọn.

Ẹni tó bá ti kọ àyọkà rí, tí àjèjì kan wá yọ gbólóhùn rẹ̀ kúrò torí pé kò sọ ibi tó ti rí i, kò tún ní ka irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń ka Bíbélì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kàn kìlọ̀ fún pé kó má dé ibẹ̀ á dé ibẹ̀ lóru, á dà á kọ, á sì pa orúkọ ibẹ̀ mọ́.

Ewu tó ń já wa láyà jù yàtọ̀ sí èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni àṣírí tú pé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí kò gbọ́ Scots, èdè kan ní Scotland, ló kọ àyọkà tó lé ní 20,000 nínú Wikipedia èdè náà. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ, tó kàn ń fi sípẹ́lì Scots tò ó. Kò ní èrò ibi lọ́kàn. Àwọn tó gbọ́ èdè náà ni kò sí nítòsí. Ibi tí a wà kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Ẹni tí kò tilẹ̀ lè fi àmì ohùn ya ogun sọ́tọ̀ kúrò lára ogún àti Ògún lè da àyọkà mẹ́wàá síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ̀rọ tó ń kọ Yorùbá lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń kọ́ ọ, Wikipedia sì wà lára oúnjẹ rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí Yorùbá ẹ̀rọ kún ibẹ̀, èébì ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ á padà máa jẹ. Ìdí rèé tó fi jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá là ń bá sọ̀rọ̀, tí a kò bá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà sọ. Olùkọ́ tó bá rí iṣẹ́ ẹ̀rọ lójú ewé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kó fún un ní òdo, kó sì ní kó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Ìṣòro kan wà tí a kò rí ojútùú kíkún sí. Wikipedia ń béèrè ìtọ́kasí tí a ti tẹ̀ jáde. Ìyá tó mọ oríkì ìlú láti ìdí dé orí kì í ṣe ìtọ́kasí lójú wọn. Ohun tí oníròyìn gbọ́ lẹ́nu ìyá kan náà, tó kọ sínú ìwé ìròyìn, ló jẹ́ ìtọ́kasí. Ó máa ń bí èèyàn nínú. Ọ̀nà tí a rí ni pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní wiki tirẹ̀ nínú ọgbà. MediaWiki, ètò kọ̀ǹpútà tí Wikipedia fúnra rẹ̀ ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni kí ohùn àwọn àgbà kọ́kọ́ wọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ dà á kọ, kí wọ́n jọ fi àmì sí i, kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ̀ka sì tẹ èyí tó bá yanjú nínú ìwé àtìgbàdégbà wọn. Ìgbà náà ni Wikipedia á lè tọ́ka sí i. Kí wọ́n tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí wọ́n sọ fún un ní Yorùbá tó yé e pé ohun tó bá dé orí Wikipedia, ẹnikẹ́ni láyé ló lè mú un lò, kódà kó fi ṣòwò. Bí bàbá bá ní èyí kì í ṣe fún ọ̀gbẹ̀rì, kí wọ́n pa fóònù.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun díẹ̀ wà tó yẹ kó mọ̀ kí ojú má baà tì í níwájú kíláàsì. Àkáǹtì tuntun mẹ́fà péré ni Wikipedia ń gbà kí a ṣí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, bíi Wi-Fi iléèwé, láàárín wákàtí 24. Ìkeje á kàgbákò. Kí àwọn ọmọ ti ilé ṣí i wá, tàbí kí olùkọ́ tọrọ àyè ṣáájú. Kó má gba máàkì lé bóyá àyọkà ọmọ ṣì wà lórí Wikipedia, torí àjèjì lè pa á rẹ́ lọ́la. Kó gba máàkì lé ohun tó wà nínú ìtàn àtúnṣe. Ti dátà náà ńkọ́? Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ti gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn ní oṣù kìíní ọdún 2025, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra dátà ọjọ́ kan ń ronú kó tó ṣí ojú ewé. Kiwix wà, ètò ọ̀fẹ́ tí a fi ń ka odidi Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì; wiki inú ọgbà náà kò sì nílò ju kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ Wi-Fi lọ.

Kò sí ẹni tó máa sọ pé kò sí àyè fún un nínú ètò ẹ̀kọ́. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde lópin ọdún 2022, 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. 30 tó kù, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ni ín. Kí àwọn olórí ẹ̀ka Yorùbá mú díẹ̀ níbẹ̀. Kí NCCE, àjọ tó ń bójú tó kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, ṣí irú àyè bẹ́ẹ̀ fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, torí àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀la wà lọ́dọ̀ wọn. Wọn kò sì ní láti dúró de ìpàdé kankan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Kí alábòójútó kọ̀ọ̀kan mú àpilẹ̀kọ kan tó dára lórí pẹpẹ rẹ̀, kó pe ẹni tó kọ ọ́ lórí fóònù, kó gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì gbé e fún àwọn ọmọ kíláàsì tuntun pé: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ rèé.