Ta ló ní ọ̀pá gọ́ọ̀fù ń gbó lọ́dún méjì-mẹ́ta?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ràn káàkiri láàárín àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù: bí ọ̀pá bá ti pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta, agbára rẹ̀ ti tán, kéèyàn yáa ra òmíràn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló ń dùn mí jù. Owó tí wọn ì bá fi gba olùkọ́ ni wọ́n fi ń ra ọ̀pá tuntun.

Irin kì í tètè rẹ̀. Orí ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lónìí á ṣì máa gbá a lọ́dún mẹ́wàá sí i, bí ẹ kò bá ti máa lù ú mọ́ òkúta. Wọ́n á ní ti driver, ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù, yàtọ̀, pé ojú rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ máa ń dẹ̀. Bó bá tiẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, agbára rẹ̀ kì í tìtorí ìyẹn dín kù. Ó lè sán lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá sán, ìró rẹ̀ sábà máa ń yí padà, etí yín á sì gbọ́ ọ.

Ṣé tuntun ò wá gbá a jìnnà ju ti àtijọ́ lọ ni? Láti 1998 ni àjọ USGA, tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, ti fi ààlà sí bí ojú driver ṣe lè ta bọ́ọ̀lù padà tó: 0.830 (1 á túmọ̀ sí pé eré kankan ò sọnù), kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ní 2004, wọ́n tún dé orí rẹ̀ mọ́ kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà 460. Ó ti pẹ́ táwọn tó ń ṣe é ti kan ògiri yẹn. Ohun tí wọ́n ń tún ṣe ni bọ́ọ̀lù tí ẹ ò gbá láàárín ojú ọ̀pá gan-an, kó má baà ṣìnà jù. Ìyẹn wúlò, pàápàá fẹ́ni tó ṣì ń lo driver onígi. Ẹni tí tiẹ̀ ò ju ọdún márùn-ún lọ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀.

Ti 7-iron, ọ̀pá irin nọ́ńbà 7, ló ń bí mi nínú. Bí nọ́ńbà ọ̀pá irin bá ṣe kéré tó ni ojú rẹ̀ ṣe ń dúró ṣánṣán tó, tí bọ́ọ̀lù sì ń lọ jìnnà tó. Láyé ọjọ́un, ojú rẹ̀ fì sẹ́yìn tó nǹkan bíi dìgírì 35. Ọ̀pọ̀ tòde òní ò ju 30 lọ, òmíràn ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 7 ni wọ́n kọ sí i, iṣẹ́ 6 tàbí 5 àtijọ́ ló ń ṣe. Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù ò ní lọ jìnnà?

Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá kì í fi ohun tó bá wọn lọ́wọ́ mu sílẹ̀. Putter kan náà (ọ̀pá tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò), tí wọ́n ń pè ní Scotty Cameron Newport 2, ni Tiger Woods fi gba 14 nínú ìdíje ńlá 15 tó gbà, láti 1999 títí dé 2019.

Ohun tó ń gbó ni rọ́bà ìdìmú àti ìlà tóóró tí wọ́n gbẹ́ sójú wedge, ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù sókè nítòsí ihò. Yanrìn ló ń jẹ ìlà náà. Ẹ fi èékánná fa ojú wedge yín látòkè dé ìsàlẹ̀: bó bá ń há sí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ṣì dára, bó bá kàn ń yọ̀ kọjá, ó ti jẹ. Bọ́ọ̀lù tó máa ń ta lẹ́ẹ̀mejì tó sì ń dúró á wá máa yí kọjá ihò. Orí koríko tútù ló ti ń burú jù, torí ìlà yẹn ló ń fa omi kúrò láàárín bọ́ọ̀lù àti irin. Wedge tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, mi ò ní bá yín jiyàn.

Ní ti rọ́bà, oòrùn àti òógùn ọwọ́ á sọ ọ́ di líle, á máa dán, á sì máa yọ̀. Ọwọ́ yín á wá máa fún un pinpin, apá á gan, bọ́ọ̀lù á gba ibi tí ẹ ò rán an lọ, ẹ ó sì máa di ẹ̀bi ru ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbá a déédéé máa ń pààrọ̀ rọ́bà lọ́dọọdún, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọ̀pá.

Ọmọ tó ń ga sí i nílò ọ̀pá tó gùn sí i. Àgbàlagbà tí apá rẹ̀ ò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ lè nílò èyí tó fúyẹ́. Bí kì í bá ṣe irú èyí, tó sì ṣì ń wù yín láti ra tuntun, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ, kí ẹ fi bọ́ọ̀lù kan náà dán méjèèjì wò. Dìgírì ni kí ẹ fi wéra, kì í ṣe nọ́ńbà. Kí ẹ tó lọ rárá, ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà tuntun sára ti àtijọ́.